Ewé tó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tèmi. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí, ojú ló ń tì mí, torí èmi gan-an ni mo fowó ara mi ra nǹkan yẹn fún màmá mi, ẹnikẹ́ni ò fipá mú mi.

Orúnkún ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Màmá mi ti pé ọdún 67, Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé, orúnkún ọ̀tún wọn sì ti ń yọ wọ́n lẹ́nu ó ti tó ọdún márùn-ún. Tí wọ́n bá jókòó sórí àpótí ṣa ẹ̀wà, kí wọ́n tó dìde wọ́n á kọ́kọ́ pe Jésù lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á di ògiri mú, orúnkún á wá dún bí ìgbà téèyàn ń ṣẹ́ igi gbígbẹ. Dókítà ti ní nǹkan bíi tìmùtìmù tó wà láàrin eegun ló ti jẹ, kí wọ́n bá òun dín ara kù díẹ̀, kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n máa lo Panadol lọ́jọ́ tó bá dùn wọ́n gan-an. Màmá mi ní "Panadol kẹ̀? Ṣé orí ló ń fọ́ mi ni?" Wọ́n ti fi òrí pa á, wọ́n ti fi àdí pa á, Robb ti tán níbẹ̀, ó ṣì ń dùn wọ́n.

Ibi tí a ti ń bá a bọ̀ nìyẹn tí ẹnìkan fi gbé kápúsù kan sórí group WhatsApp ìjọ wa. Ike funfun, ọmọrí aláwọ̀ ewé, àwòrán orúnkún tó ń tàn yanran bí ìgbà tí NEPA bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná dé. Wọ́n ní ewé àti egbò nìkan ló wà nínú ẹ̀, kò lè ṣe èèyàn ní nǹkankan, ó ń wo orúnkún, ó ń wo ìdí, ó ń wo ọrùn, ó tún ń jẹ́ kí àgbà rí oorun sùn. Ike kan ₦6,500. Mo ra méjì, mo ní kí ọlọ́kadà gbé e lọ fún wọn.

Lọ́jọ́ kẹta màmá mi gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láìdi nǹkankan mú. Wọ́n pè mí, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ gbọ́, "Àbẹ̀kẹ́ mi, mo jó lónìí o, mo jó débi pé Ìyá Kafaya ń bi mí pé ta ló bímọ." Èmi náà jó níbi tí mo wà. Mo tún gbé nọ́ńbà ẹni tó ń ta á fún èèyàn bíi mẹ́ta, Ọlọ́run jọ̀ọ́ dárí jì mí.

Nígbà tó máa fi tó oṣù kejì, ojú wọn ti ń kún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì yọ roboto, àwọn èèyàn ń sọ pé "Màmá, ẹ ti ń fresh o, àwọn ọmọ ń tọ́jú yín", inú mi ń dùn, mo tún ra ike mẹ́ta sí i. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó bi ara ẹ̀ pé kí ló dé tí ojú sanra tí apá àti ẹsẹ̀ ń tín-ín-rín. Òùngbẹ wá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á mu odidi ọ̀rá omi mẹ́ta kí wọ́n tó sùn, wọ́n á dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún lóru, wọ́n ní ooru ni. Ọjọ́ tí òòyì wá gbé wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì la sáré gbé wọn dé ọsibítù. BP wọn 178 lórí 104, bẹ́ẹ̀ amlodipine, oògùn BP tí wọ́n ń lò, ti ń mú un wà ní 130 àti díẹ̀ tipẹ́. Wọ́n tún yẹ ṣúgà wò láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí wọ́n tó jẹun, 214. Màmá mi tí kò ní ṣúgà rí láyé wọn.

Dókítà tó rí wa kéré lọ́jọ́ orí, bóyá ni ò kéré sí àbúrò mi. Kò kọ nǹkankan, ó kàn ń wo ojú màmá mi ṣáá. Ó wá bi wọ́n pé, "Mà, yàtọ̀ sí oògùn BP, oògùn wo lẹ tún ń lò?" Màmá mi ní àwọn ò lo nǹkankan. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pe màmá mi ní onírọ́ o, wọn ò purọ́. Lójú tiwọn, ewé kì í ṣe oògùn tí dókítà ń béèrè, oògùn ni èyí tí dókítà bá kọ fúnni, ewé wà lọ́tọ̀, ewé dà bí oúnjẹ. Ìgbà tí mo yọ ike yẹn nínú báàgì ni dókítà mí kanlẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ewé wo lẹ mọ̀ tó ń pa ìrora orúnkún ọlọ́dún márùn-ún lọ́jọ́ mẹ́ta?"

Mi ò lésì.

Bó ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún wa nìyí. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n máa ń lọ oògùn òyìnbó mọ́ ewé, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní steroid, bíi dexamethasone, wọn ò ní kọ ọ́ sára ike. Ó máa ń pa ìrora lóòótọ́, kíá mọ́sá báyìí, ṣùgbọ́n téèyàn bá ń gbé e mì lójoojúmọ́ láìmọ̀, ojú á kún, ṣúgà á gòkè, BP á gòkè, eegun á máa rọ. Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀, ní 2022 FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn l'Amẹ́ríkà, kìlọ̀ fáráyé nípa kápúsù oríkèé kan tí wọ́n ń tà bí ewé lásán, ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò wọ́n bá dexamethasone nínú ẹ̀, wọ́n tún bá diclofenac, oògùn ìrora. A ò gbé tiwa lọ yẹ̀ wò, torí náà mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ara màmá mi nìkan ni ẹ̀rí tí mo ní.

Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé èmi ti fẹ́ ju ike náà sínú ààtàn lójú ẹsẹ̀, dókítà ní rárá o, ẹ má dá a dúró lójijì. Ó ní ara máa ń ṣe irú steroid yẹn fúnra ẹ̀, tó bá ti rí i pé ẹnìkan ń gbé e wá látìta, á sùn sílẹ̀, téèyàn bá wá já a gbà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, èèyàn lè dákú, ó tiẹ̀ lè kú. Ó fún wọn ní tábúlẹ́ẹ̀tì tí òun mọ iye tó wà nínú ẹ̀, ó ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, ọ̀sẹ̀ méje gbáko. Orúnkún padà sí bó ṣe wà. Ṣúgà náà ti wálẹ̀, a dúpẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn, tẹ́nìkan bá sọ fún mi pé ewé kan ń ṣiṣẹ́ bí idán, ẹ̀rù ló ń bà mí. Ìyá tó bí ìyá mi máa ń se àgbo fún oṣù kan kí wọ́n tó sọ pé ó ti ń jẹ́. Ewé tó bá kánjú jù, ẹ wò ó dáadáa, pàápàá ti orúnkún àti ti àwọn ọkùnrin. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ mọ èyí tí mò ń sọ, èyí tẹ́ ẹ máa ń rà nínú gáréèjì tó ń ṣiṣẹ́ láàrin ìṣẹ́jú 30. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀ ni wọ́n ti bá sildenafil nínú ẹ̀, ìyẹn ohun tó wà nínú Viagra, tí ẹni tó ń lo oògùn àyà tí wọ́n ń pè ní nitrate bá wá gbé e mì, BP ẹ̀ lè já wálẹ̀ débi tí kò ní dìde mọ́.

Ẹ má rò pé mo ti wá kórìíra ewé o. Ta ló bí mi? Èmi tí wọ́n fi àgbo wẹ̀. Mo ṣì ń lò ó, ọ̀nà tí mo fi ń rà á ló yí padà.

Àkọ́kọ́, mi ò kí ń ra oògùn fún orúkọ mọ́, àìsàn ni mo máa ń kọ́kọ́ wá. Ẹ gbé ibà yẹ̀ wò. Gbogbo ara gbígbóná nílé wa, "ibà ni", a ó ja dongoyaro, a ó ja ewé ìbẹ́pẹ, èèpo máńgòrò, koríko ọba, ìkòkò á máa hó, wọ́n á da aṣọ bò ẹ́ lórí títí o fi máa làágùn bí ẹni tó gbé sìmẹ́ǹtì. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n tẹ́ẹ̀sì ibà wà ní kẹ́míìsì báyìí, wọ́n á gún ẹ níka, ìṣẹ́jú 15 sí 20 èsì ti jáde, kí ló dé tí mo fi máa fi ọjọ́ mẹ́rin mu dongoyaro fún nǹkan tó lè jẹ́ pé àrùn inú ìtọ̀ ni, tàbí táífọ́ọ̀dù. Tó bá sì jẹ́ ibà lóòótọ́, tó wá jẹ́ ọmọ kékeré tàbí aláboyún, oògùn ibà gidi ni, àgbo á dúró sẹ́yìn.

Oògùn ibà gidi yẹn náà, inú ewé ló ti jáde, ẹ jẹ́ n sọ ìtàn yẹn torí mo fẹ́ràn ẹ̀. Obìnrin ará Ṣáínà kan, Tu Youyou, òun ló rí artemisinin nínú ewé artemisia, wọ́n tìtorí ẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti ń se ewé náà, àbájáde ẹ̀ ò dúró sójú kan, àfìgbà tó lọ ka ìwé àtijọ́ kan tó ní kí wọ́n rẹ ewé náà sómi, kí wọ́n fún un, kí wọ́n mu ún. Kò sọ pé kí wọ́n sè é. Ìgbà yẹn ló yé e pé iná ló ń ba nǹkan tó wà nínú ewé yẹn jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àgbo, ṣé ẹ rí i? Àwọn baba wa náà kúkú mọ̀ pé èyí tí a ń sè wà, èyí tí a ń fún wà, èyí tí a ń gún mu wà, èyí tí a ń jó wà, wọn kì í dà wọ́n pọ̀. Àwa la wá ń ra gbogbo ẹ̀ nínú kápúsù kan náà láìbéèrè bí wọ́n ṣe ṣe é. Síbẹ̀ náà, ní 2019 WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ pé kí wọ́n má fi tíì artemisia wo ibà, torí kò sẹ́ni tó mọ iye tó wà nínú ife kan, èyí tó bá kéré jù kò ní pa kòkòrò náà tán, á kàn kọ́ ọ ní ìjà ni.

Èkejì, ara páálí. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá ti rí nọ́ńbà NAFDAC, ó parí, wọ́n á ní ìjọba ti fọwọ́ sí i pé ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oògùn ìbílẹ̀ tí NAFDAC gbà máa ń ní lẹ́tà L níparí nọ́ńbà ẹ̀, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì gbà pé kò léwu téèyàn bá lò ó bó ṣe yẹ. Kò túmọ̀ sí pé ó ń wo àìsàn tí wọ́n kọ síbẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ máa ń kọ ọ́ sára ẹ̀ ní lẹ́tà tó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà pé NAFDAC ò tíì yẹ àwọn ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò. Ẹ lọ wo èyí tó wà nílé yín. Ike tèmi yẹn ní nọ́ńbà, kò ní L, ìgbà tí mo sì wá orúkọ ẹ̀ nínú Greenbook, ìwé tí NAFDAC ń kọ orúkọ oògùn tí wọ́n gbà sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mi ò rí i níbẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì ló gbà mí. Ìṣẹ́jú méjì tí mi ò ní nígbà tí mò ń sanwó.

Àbúrò mi tó wà ní Peckham ní London máa ń rẹ́rìn-ín, ó ní tiwọn dáa jù tiwa lọ. Ó dáa díẹ̀ ṣá. Níbẹ̀ láti 2011, oògùn ewé tí wọ́n bá ń tà fún àìsàn ní láti ní THR lára, ìyẹn nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ oògùn ewé ìbílẹ̀, pẹ̀lú àmì ewé kékeré kan, ó fi hàn pé wọ́n yẹ bí wọ́n ṣe ṣe é wò, àti pé wọ́n ti ń lò ó láti bí ọdún 30 ó kéré tán. Òun náà ò sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ o, ó ní wọ́n ti ń lò ó pẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ike ńláńlá ránṣẹ́ láti Houston ńkọ́? Òfin tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún ní 1994 sọ pé ẹni tó ń ta supplement, ìyẹn àfikún oúnjẹ, ò nílò kó fi hàn ìjọba pé ó ń ṣiṣẹ́ kó tó gbé e sọ́jà. Ẹ wá àmì USP lára ẹ̀, àjọ kan tó ń yẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò ni, ìyẹn fi hàn pé ó kéré tán ohun tí wọ́n kọ síta náà ló wà nínú.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti oògùn tó ń bá oògùn jà. Mo ti ra ìwé kékeré kan fún màmá mi, gbogbo nǹkan tó bá gba ọ̀nà ọ̀fun wọn tí kì í ṣe oúnjẹ, ó ti wọ ibẹ̀, tó fi mọ́ ewúro tí wọ́n ń fún mu láàárọ̀ tí wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ewúro dáa, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo oògùn ṣúgà tó tún ń mu ife ewúro, ṣúgà ẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù. Aáyù dáa, ẹni tó ń lo warfarin tàbí aspirin, àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, torí àyà kó má gbé kápúsù aáyù lé e láìsọ fún dókítà, ẹ̀jẹ̀ ò ní tètè dá, ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ náà kó sọ. Ewé òyìnbó kan wà táwọn èèyàn ń lò fún ìrònú, St John's wort, ó máa ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tètè lé oògùn mìíràn jáde lára, oògùn HIV, oògùn ìfètòsọ́mọbíbí. Mo mọ obìnrin kan tó ń pe àbíkẹ́yìn ẹ̀ ní ọmọ ewé.

Kánún wá ni baba gbogbo ẹ̀. Ìyá alágbo á jù ú sínú ìkòkò kí àgbo lè tètè jáde, kánún sì rèé, sódíọ̀mù ni, ọmọ ìyá iyọ̀. Ẹni tí dókítà ti gba iyọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ torí BP, tó wá ń mu àgbo oníkánún láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ló ṣe?

Páráàga ńkọ́? Èyí tí wọ́n bá fi ògógóró ṣe, ẹ ṣọ́ra fún un. Ẹ rántí Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó lọ́dún 2015, tí àwọn èèyàn ń kú ní wéréwéré, tí ojú ń fọ́, tí àwọn kan ń sọ pé òrìṣà ló ń bínú. Methanol, ọtí olóró tó wà nínú ògógóró náà, ni.

Àwọn nǹkan tí mo wá ń lò nílé ò pọ̀. Atalẹ̀ fún èébì, pàápàá fún aláboyún tí òwúrọ̀ ń dà láàmú, ìyẹn wà lára àwọn díẹ̀ tí ìwádìí tì lẹ́yìn dáadáa. Ikọ́, oyin nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, orógbó náà, mo ń jẹ ẹ́ torí ó ń tu ọ̀fun mi lára, kí n má purọ́. Oyin ò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan o, kòkòrò kan wà nínú ẹ̀ tí ikùn ìkókó ò lè bá jà. Ikọ́ tó bá sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fi orógbó sílẹ̀ ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ikọ́ ife, ọ̀fẹ́ ni ní ọsibítù ìjọba. Àìlèyàgbẹ́, omi, ìbẹ́pẹ, ẹ̀fọ́. Asùnwọ̀n máa ń ṣiṣẹ́, mo gbà, ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n tíì tó ń fọ ikùn tí gbogbo obìnrin ń mu kí ikùn wọn lè wọlé, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀, ìbátan asùnwọ̀n ló kún inú ọ̀pọ̀ wọn, senna ni wọ́n máa ń kọ, omi ara ló ń gbé lọ, ọ̀rá wà níbi tó wà. Téèyàn bá ń mu ún lóṣù lóṣù, ìfun lè ya ọ̀lẹ, iyọ̀ ara tó ń jẹ́ kí àyà lù dáadáa náà á máa bá a jáde. Mọ̀ríńgà, mo máa ń fi se ọbẹ̀. Ẹni tó ní ó ń wo 300 àìsàn, ẹ ní kó kà wọ́n.

Àwa náà sì ní ewé tó ti kọjá tẹ́ẹ̀sì, ẹ jọ̀ọ́. Àlùfáà ìjọ kan láti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló gbé àgbo ìdílé wọn fún àwọn onímọ̀ ní NIPRD, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí oògùn l'Abuja, fún àwọn tó ní foniku-fọladìde, ìyẹn sickle cell. Iyèré, osùn, kànáfùrù, ewé ọkà bàbà, mẹ́rin péré, nǹkan tó wà lórí àtẹ lẹ́kùlẹ́jà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fún àwọn aláìsàn lò, wọ́n kà á bí ara ríro ṣe ń dín kù, ní 2006 ó jáde sọ́jà bí kápúsù. Owó ló padà da ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é rú. Ìyẹn ṣì ń dùn mí ju ₦6,500 mi lọ.

Ẹ sì rò pé màmá mi ti jáwọ́ nínú àgbo? Ṣé ẹ mọ màmá mi ṣá! Sátidé tó kọjá la jọ lọ sí ọjà Bódè, wọ́n ní orúnkún náà gbọ́dọ̀ rí nǹkan mu. Ìyá alágbo ń ro ìkòkò, èéfín ń wọ̀ wá lójú, màmá mi yọ ìwé kékeré wọn nínú pọ́ọ̀sì, wọ́n wọ awò ojú, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà níbẹ̀?" Ìyá yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, màmá mi ń kọ ọ́, wọ́n tún ń béèrè bí wọ́n ṣe ń pè é. Nígbà tó kan kánún, màmá mi dáwọ́ dúró.

"Ẹ bá mi yọ kánún."

"Ìyá, ó ti wà nínú ìkòkò látàárọ̀, ibo ni kí n ti yọ ọ́?"

"Ẹ bá mi se tèmi lọ́tọ̀."

Ìyá alágbo ní sísè lọ́tọ̀, ₦3,000 ni, kì í ṣe ₦500 mọ́. Màmá mi pa ìwé dé, wọ́n yíjú sí mi.

"Àbẹ̀kẹ́, sanwó."